Ṣé kí n sọ fún wọn ní school pé SS ni mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 23 ni mí, ìlú ọba níbí ni wọ́n bí mi sí, mo ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, mo ti wà ní ọdún kẹrin. SS ni mí. Látìgbà tí wọ́n ti ń rán wa lọ sí ọsibítù, ara mi ò gbà á mọ́, aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jáde, bọ́ọ̀sì méjì nínú òtútù, tí n bá débẹ̀ mo máa dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Oṣù tó kọjá crisis dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, mo wá purọ́ pé ọ̀fìnkìn ni. Dádì mi ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní mi ò lè ṣe dókítà. Kí ni kí n ṣe?
— Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ara á mókun o. Mo mọ ohun tó ń ba dádì ẹ lẹ́rù. Nílé wa, ẹni tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, ńṣe ni wọ́n máa ń bò ó mọ́lẹ̀, torí ẹnu ayé, torí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, má bá a jà. Àmọ́ níbi tó o wà yẹn, bíbò ó mọ́lẹ̀ ló máa ṣe ẹ́ ní jàǹbá.

Òfin wà ńbẹ̀, Equality Act 2010. Àìsàn tó bá ti lé lọ́dún kan tàbí tó máa lé, tó sì ń dí èèyàn lọ́wọ́ gan-an nínú ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, disability ni lójú òfin, school sì gbọ́dọ̀ bá ẹ ṣe ètò tó bá ọgbọ́n mu. Wọn ò ṣàánú ẹ o, ẹ̀tọ́ ẹ ni. GMC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà náà ti gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lọ́dún 2019 pé kí àwọn school ti irú yín lẹ́yìn. Ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ ò ní dínkù torí ẹ, ọ̀nà tó o máa gbà débẹ̀ ni wọ́n lè yí.

Má kàn sọ pé ara ẹ ò yá, sọ nǹkan tó o fẹ́: ọsibítù tó sún mọ́ ilé, àga láti jókòó, àyè láti lọ rí dókítà ẹ, ìsinmi láàárín ìdánwò. Àti omi! Kíndìnrín ọmọ SS kì í fi bẹ́ẹ̀ dá omi dúró, wọ́n ń tọ̀ gan-an. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ SS kọ̀ láti mu omi lọ́jọ́ ìdánwò kan torí kò fẹ́ máa jáde, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an la gbé e dìgbàdìgbà. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o lè gbé ike omi wọ wọ́ọ̀dù.

Occupational health, ìyẹn àwọn tó ń rí sí bí ìlera èèyàn ṣe bá iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ẹ̀ mu, ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, mú lẹ́tà dókítà tó ń tọ́jú ẹ dání. Tó ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní sọ àìsàn ẹ fún àwọn tíṣà, nǹkan tó o nílò nìkan ni wọ́n máa kọ. Béèrè DSA náà, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní disability, owó tí wọn kì í gbà padà ni, ó lè sanwó ìrànlọ́wọ́ tó o nílò nídìí ẹ̀kọ́ ẹ torí àìsàn yìí.

Irọ́ ọ̀fìnkìn yẹn ló ń dùn mí jù. SS ò lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ bí irọ́ ṣe lè bà á jẹ́, torí GMC ò fojú kékeré wo òótọ́ ṣíṣe. Lọ bá tíṣà tó ń mójú tó ẹ, sọ pé àìsàn tó o ti ní tipẹ́ ló dá ẹ dùbúlẹ̀, pé ẹ̀rù ló bà ẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí o, kí òtútù tó wọlé. Tí ètò yẹn bá ti wà lórí ìwé, mú un lọ fi han dádì ẹ, ẹ jọ jókòó kà á.