Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ríra Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Tí Kò Pọ̀ Níta Láì San Owó Àlékún Fún Alágbàtà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tu owó jọ kí n lè ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ eré tí ilé iṣẹ́ máa ń ṣe ní ìwọ̀nba. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ alágbàtà kan nítòsí mi, ìwé méjì ni mo bá lára gíláàsì ọkọ̀ náà. Èkíní gbé iye tí ilé iṣẹ́ fi síta, èkejì sì fi $90,000 lé e, wọ́n ní bí ọjà ṣe rí ló fà á. Ṣé òfin fàyè gba irú èyí? Ọ̀nà wo ni mo sì lè gbà tí n kò fi ní san án? — Òǹkàwé yín, Houston.

ÌDÁHÙN: Òǹkàwé wa, òfin fàyè gbà á. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1958, èyí tí Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney láti ìpínlẹ̀ Oklahoma gbé kalẹ̀, ló sọ ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ rí yẹn di dandan, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ló sì gbọ́dọ̀ ní in lára títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ṣùgbọ́n àbá ni iye tó wà nínú ìwé náà, kì í ṣe àṣẹ. Alágbàtà ti ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, ọjà tirẹ̀ ni, ó sì lè dá iye tó bá wù ú lé e. Ẹ kò tún lè fo alágbàtà kọjá kí ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí òfin ìpínlẹ̀ Texas kò gba ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ láyè láti máa tà á tààrà fún ará ìlú. Tesla pàápàá, tó kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Austin, òfin yìí dè é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ọkọ̀ tó bá ti gúnlẹ̀ sí ilé ìtajà láìní olúwa ni owó máa ń gorí rẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní iye tí ilé iṣẹ́ dá gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìwé kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ náà, nígbà mìíràn kí wọ́n tó kéde rẹ̀ pàápàá. Bí ọjà alágbàtà kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń yá sí ni ilé iṣẹ́ ṣe ń pín ọkọ̀ fún un, tó fi jẹ́ pé alágbàtà kékeré lè gba ẹyọ kan ṣoṣo níbi tí alágbàtà ńlá ti ń gba ọ̀pọ̀. Ẹni tí ẹyọ kan bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò fẹ́ fi kan náà jẹ èrè gbogbo ọdún. Ẹni tó ń ta púpọ̀ ní tirẹ̀ mọ̀ pé oníbàárà tí òun kò bá rẹ́ jẹ lónìí yóò tún padà wá. Nítorí náà, ẹ má fi ara yín mọ Houston. Ẹ pe àwọn alágbàtà ńlá ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ẹ sì bi wọ́n láì fepo bọyọ̀: ẹyọ mélòó irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá, ènìyàn mélòó ló wà níwájú yín, iye wo ni wọn yóò sì tà á? Ẹni tí kò bá lè sọ iye ènìyàn tó wà níwájú yín, ẹ dágbére fún un, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó máa gba orúkọ ènìyàn 50 sórí ọkọ̀ 2.

Bí wọ́n bá gbà láti tà á fún yín ní iye tí ilé iṣẹ́ dá, ẹnu dùn-ún rofọ́, ẹ gbà á sínú ìwé. Kí ìwé náà sọ pé iye tí ilé iṣẹ́ fi síta ni ẹ ó san, pé alágbàtà kò ní fi ohun èlò kankan tí ẹ kò béèrè kún ọkọ̀ náà, pé owó àsansílẹ̀ yín ṣeé gbà padà bí ọkọ̀ kò bá dé, àti pé orúkọ yín gan-an ni wọ́n fi bèèrè ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ Corvette, ọkọ̀ eré ti ilé iṣẹ́ General Motors, ni ẹ ń wá, ẹ tún bèèrè nọ́ńbà ipò tí ọkọ̀ yín wà: 1100 túmọ̀ sí pé alágbàtà ti kọ ọ́ sílẹ̀ lásán, 2000 ni ìgbà tí General Motors gbà á wọlé, 3000 sì ni ìgbà tí ó wọ ètò àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti dúró ti 1100 fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n ń rò pé ọkọ̀ àwọn ti wà lọ́nà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àlékún tí kò jẹ́ orúkọ rẹ̀. Alágbàtà lè fi ẹnu sọ pé òun kò fi kọ́bọ̀ lé e, kí ó wá fi iye tí kò dára tó gba ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ fi pààrọ̀, tàbí kí ó ní dandan ni kí ẹ yá owó lọ́wọ́ òun pẹ̀lú èlé tó ga, tàbí kí ó lẹ ọ̀rá mọ́ ara ọkọ̀ kí ó sì pè é ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ ta ọkọ̀ àtijọ́ yín síbòmíràn, ẹ ti bá báńkì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó bá alágbàtà sọ jẹ́ iye ọkọ̀. Ìjọba náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye tí ẹ bá san gan-an ni Texas ń gba ìdá 6.25 nínú 100 lé lórí, nítorí náà $90,000 tí wọ́n bèèrè yẹn yóò fa $5,625 mìíràn lẹ́yìn. Bí ẹ bá sì ra ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, Texas ṣì máa gba owó orí tirẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba nọ́ńbà, wọ́n kàn máa yọ èyí tí ẹ ti san lọ́hùn-ún kúrò ni.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti gbìyànjú láti dá àlékún yìí dúró. Èyí tó wù mí jù ni ti Dodge. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Challenger SRT Demon ti ọdún 2018, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,300, 3,000 fún Amẹ́ríkà àti 300 fún Kánádà, wọ́n sọ fún àwọn alágbàtà pé ọkọ̀ tí wọ́n bá tà ní iye tí àwọn dá tàbí kó dín sí i ni àwọn yóò kọ́kọ́ ṣe, kí àwọn tó fi owó lé tiwọn lọ tò sẹ́yìn. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún Demon 170 ní 2023. Kò fòfin de àlékún, ṣùgbọ́n ó mú kí ojúkòkòrò ní ìjìyà tirẹ̀, ìyẹn sì mọ́gbọ́n dání.

Ford gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú GT tuntun rẹ̀. Ní 2016, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn tó fẹ́ rà á kọ̀wé wá, ènìyàn 6,506 sì kọ ìwé náà parí nítorí ọkọ̀ 500, bẹ́ẹ̀ tó bí $450,000 ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n yàn fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní tà á fún ọdún méjì. John Cena, oníjàkadì tó tún ń ṣeré sinimá, ta tirẹ̀ láìpẹ́ tó gbà á, Ford sì pè é lẹ́jọ́ ní 2017. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà ní 2018, owó tó ti ibẹ̀ jáde sì lọ sí ọ̀nà ìtọrẹ àánú. Lexus náà kọ́kọ́ ní yíyá ni kí wọ́n yá LFA lò fún ọdún méjì ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó lè rà á, Porsche sì ṣe irú rẹ̀ fún ọdún kan lórí 911 S/T, èyí tí 1,963 péré wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bá irú àdéhùn báyìí pàdé, ẹ má sá. Àwọn tó fẹ́ rà á lónìí kí wọ́n tà á lọ́la ni wọ́n fi ń lé jáde, ẹni tó fẹ́ wà á kò ní ohunkóhun tí ó fi ń pàdánù, bí ó bá ti lè fọkàn balẹ̀ ka gbogbo ohun tó fẹ́ fọwọ́ sí.

Ti àwọn Ferrari àti Porsche tó ṣọ̀wọ́n jù le díẹ̀, nítorí pé oníbàárà àtijọ́ ni wọ́n máa ń fún. Nígbà tí Porsche ṣe 911 R ní 2016, ẹyọ 991 ni, iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti $184,900, àwọn tó ti ra 918 Spyder, ọkọ̀ Porsche mìíràn, ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi lọ̀. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó rí i gbà fi ń bèèrè iye tó ju ìlọ́po méjì lọ. Ní ti Ferrari, Preston Henn, oníṣòwò kan ní Florida tó ti kó Ferrari jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi sọ̀wédowó mílíọ̀nù kan dọ́là ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà nígbà náà, Sergio Marchionne, kí wọ́n lè kọ LaFerrari Aperta kan sílẹ̀ fún òun. Wọ́n dá a padà. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2016, lẹ́yìn náà ó fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Bí owó kò bá lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé òun mọ ènìyàn ní Maranello, ìlú tí ilé iṣẹ́ Ferrari wà ní Ítálì.

Àwọn alágbàtà kan yóò sọ pé kí ẹ ra ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí kò wá bẹ́ẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ àwọn kí orúkọ yín lè wọ ìwé. Ẹ jókòó ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá pàdánù $40,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ méjì tí ẹ kò nílò nígbà tí ẹ bá tún wọn tà, ẹ ti san $80,000, a kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọkọ̀ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Sùúrù náà jẹ́ ọ̀nà kan, àwọn ènìyàn kì í sì í kà á sí. Bí iṣu tuntun ṣe máa ń gbówó lórí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí. Porsche Carrera GT, tí wọ́n ṣe 1,270 nínú rẹ̀, ń lọ ní $440,000 nígbà tó jáde. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ rí i rà ní iye tó kéré sí ìyẹn dáadáa. LFA jẹ́ 500, iye rẹ̀ $375,000, ní 2012 ni wọ́n sì ṣe èyí tó kẹ́yìn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ní Amẹ́ríkà. Lónìí, owó méjèèjì ti fò sókè kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ dá. Àyè wà láàárín ìgbà tí ariwo bá rọlẹ̀ àti ìgbà tí àwọn olùkójọ bá dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, alágbàtà kan níbí ní London ní kí n san owó àsansílẹ̀ ńlá nísinsìnyí lórí ọkọ̀ kan tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, kí n má baà san àlékún tó bá jáde. Ṣé kí n san án? — Òǹkàwé yín, Peckham.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ní Britain, alágbàtà tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí kì í sábà fi owó lé iye tí ilé iṣẹ́ dá. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń tún un tà ni àlékún wà, nítorí náà ó dára láti tètè wà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Jaguar XJ220. Ní 1988, wọ́n fi í hàn níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Birmingham pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 12 àti táyà mẹ́rin tó ń fà, àwọn ènìyàn sì fi £50,000 sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ náà máa fi jáde, ẹ́ńjìnnì ti di onísílíńdà 6, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í, iye rẹ̀ ti ga sókè gidigidi, ọrọ̀ ajé sì ti dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fẹ́ yọwọ́, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, Jaguar ló sì jàre. Àwọn kan san owó ńlá kí wọ́n tó lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ tí àwọn fúnra wọn tọrọ. Iye tí wọ́n ṣe kò tó 300.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wò ó bóyá ìwé náà so iye ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tàbí ó gbà kí ilé iṣẹ́ máa gbé e sókè, bóyá ẹ lè yọwọ́ bí wọ́n bá yí ẹ́ńjìnnì padà, àti ibi tí owó yín yóò wà bí ilé iṣẹ́ náà bá wọ gbèsè. Bí ìwé náà kò bá sọ nǹkan kan lórí èyí, owó kékeré tó ṣeé gbà padà ni kí ẹ fi dá wọn lóhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Bí ó bá jẹ́ pé kì í sí àlékún lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà Britain, ṣé àbúrò mi ní Manchester kò lè bá mi ra ọ̀kan ránṣẹ́ sí Èkó? — Òǹkàwé yín, Lẹ́kí.

ÌDÁHÙN: Kò lè ṣeé ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà Britain. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà, ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún sì wà lára ohun tí ìjọba kò gbà kí a kó wọlé. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni ìdarí rẹ̀ bá tiwa mu, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ alágbàtà ń mú ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i pé kò ní jáde kúrò nílẹ̀ náà láàárín àkókò kan, ìtanràn rẹ̀ sì lè jẹ gbogbo àǹfààní tí ẹ rò pé ẹ rí. Orúkọ ẹni tó bá fọwọ́ sí i ni wọn yóò sì gbé lọ sílé ẹjọ́, ìyẹn ni pé ọrùn ẹbí tí ẹ bá rán níṣẹ́ ni ẹjọ́ náà yóò wà. Ẹ ní kí ó fi ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà ránṣẹ́ sí yín kí ó tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì bi ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bóyá ìdánilójú àtúnṣe ọ̀fẹ́ wọn yóò ṣiṣẹ́ ní Èkó.