Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjọ́ Kan Ṣoṣo ní Èbúté Ålesund

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Àwọn ọmọ wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi fún èmi àti bàbá wọn, nítorí pé bàbá fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ọkọ̀ náà yóò gbéra ní Southampton nínú oṣù kẹfà, yóò sì yà ní èbúté mélòó kan ní ilẹ̀ Nọ́wè. Ọ̀kan nínú wọn ni Ålesund, níbi tí a óò gúnlẹ̀ sí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí a óò sì ti kúrò ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní àwọn lè fi bọ́ọ̀sì gbé wa lọ wo àwọn erékùṣù tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń pè kì í ṣe kékeré. Ṣé dandan ni kí a bá wọn lọ, àbí a lè máa rìn kiri fúnra wa? Orúnkún ń dùn mí. Bàbá ní tiwọn ti gbọ́ nípa àtẹ̀gùn kan tó gun òkè níbẹ̀, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn máa gùn ún. Àbúrò mi obìnrin, tó ń fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rìn, máa bá wa lọ pẹ̀lú.
— Ìyá Bọ̀dé, London

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, mà, ẹ sì bá wa kí bàbá pé wọn á ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Kò sí dandan kankan níbẹ̀. Ålesund wà lára àwọn ìlú tí ọkọ̀ ńlá ti ń gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àárín ìlú gan-an, débi pé bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ìrìn díẹ̀ ló kù kí ẹ wà láàárín ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe jáde kúrò nínú ìlú lọ́jọ́ náà rárá, nítorí pé ìlú yẹn fúnra rẹ̀ ni ohun tó yẹ ní wíwò. Fjord, ìyẹn apá òkun tó wọ àárín òkè lọ, pọ̀ ní ilẹ̀ Nọ́wè, ọkọ̀ yín yóò sì gba inú wọn kọjá lójú yín láìsí pé ẹ san owó mìíràn lé e. Ṣùgbọ́n ìlú tó rí bí Ålesund kò wọ́pọ̀.

Iná ló sọ ọ́ di ohun tó dà lónìí. Ní òru ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1904, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sínú agolo, ìjì líle sì ń jà lóru náà. Pákó ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé, wọ́n sì fún mọ́ra, nítorí náà kíá ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn. Kí ó tó rọlẹ̀, nǹkan bí ilé 850 ti jóná, nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni kò sì rí ibi forí pamọ́ sí nínú òtútù oṣù kìíní. Síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló bá iná náà lọ. Olú-ọba Jámánì nígbà náà, Wilhelm II, tó máa ń wá gbafẹ́ ní àwọn fjord agbègbè yẹn, di oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìkọ́lé sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ kíákíá. Òpópónà kan ní àárín ìlú ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un kọ́, òfin kò gbà wọ́n láyè láti fi pákó kọ́ àárín ìlú mọ́, òkúta àti bíríkì ni wọ́n sì lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ya àwòrán ilé náà jẹ́ ọ̀dọ́ ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, níbi tí àṣà ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní Jugendstil ti gbòde nígbà náà. Láàárín ọdún 1904 sí 1907 ni wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ jù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ilé náà fi bára mu láti òpin òpópónà kan dé òmíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe ni pé kí wọ́n gbójú sókè. Wọ́n á tẹjú mọ́ ọjà tí wọ́n pàtẹ sí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkè ni ọnà wà: ewé àti òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta lókè ẹnu ọ̀nà, ojú ènìyàn níbi igun ilé, orí ẹranko tí wọ́n mú láti inú iṣẹ́ ọnà àwọn Viking, ìyẹn àwọn jagunjagun ojú omi ayé àtijọ́ ní apá ibẹ̀, àti òrùlé ṣóńṣó tó yọrí láàárín àwọn yòókù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí Brosundet, omi tó gba àárín ìlú kọjá, tí àwọn ilé dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti hù. Ní òpópónà Apotekergata, ẹ óò rí ilé kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1907 fún ẹni tó ń ta oògùn. Láti ọdún 2003 ló ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jugendstil, ṣùgbọ́n wọn kò tú inú ṣọ́ọ̀bù oògùn náà ká: pákó tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí láti ìsàlẹ̀ dé òkè ṣì dúró sí àyè rẹ̀, pẹ̀lú àwọn dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó oògùn sí. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ẹ máa sanwó wọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni kó jẹ́. Bí ẹ bá rìn dé ẹnu èbúté àtijọ́, ẹ óò tún rí ilé iná kékeré aláwọ̀ pupa kan tí wọ́n kọ́ láti máa tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, tó ń jẹ́ Molja, tí hòtẹ́ẹ̀lì kan ti sọ di yàrá fún àlejò. Àwa kò rò pé a lè sùn níbi tí gbogbo ọkọ̀ tó ń wọlé á ti máa wò wá, àmọ́ àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti òkè tí bàbá ń sọ, Aksla ni orúkọ rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì jẹ́ 418. Ọgbà ìlú ló ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí ère Rollo, jagunjagun Viking tó gba ilẹ̀ Normandy ní Faransé, tí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ọmọ erékùṣù Giske tó wà ní tòsí wọn ni. Bàbá lè gùn ún bí ara wọn bá le, kí wọ́n ṣáà máa sinmi lójú ọ̀nà, nítorí pé kò sí ẹni tó ń lé wọn. Ẹ̀yin ní tiyín, mà, ẹ má ṣe dán an wò. Ọ̀nà mọ́tò wà tó dé òkè láti ẹ̀yìn, takisí ń lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe bí rélùwéè kékeré máa ń gbé àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Ẹ lè pàdé bàbá lókè, níbi tí ẹ óò ti rí gbogbo àárín ìlú lórí ilẹ̀ tóóró láàárín omi, àwọn erékùṣù níwájú, àti àwọn òkè tí yìnyín kì í tètè tán lórí wọn lẹ́yìn. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ nígbà tí ẹ gúnlẹ̀, òkè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí pé ìkùukùu lè bò ó mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹ mú ẹ̀wù òjò dání. Agbòjò kì í ṣe iṣẹ́ kan gidi nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Krone ni owó wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti lọ ṣẹ́ owó, nítorí pé káàdì ni gbogbo ènìyàn ń lò, àní fún kọfí. Nǹkan wọ́n níbẹ̀ o, nítorí náà ẹ jẹun àárọ̀ yó kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù yóò wà ní títì.

Ọ̀rọ̀ àkókò ṣe pàtàkì ju ti owó lọ. Aago márùn-ún tí wọ́n kọ yẹn ni ọkọ̀ yóò ṣí. Gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé ṣáájú, ó sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí kan ni Nọ́wè fi ṣáájú London. Fóònù yín lè yí aago rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ kí aago inú ọkọ̀ sì má yí, tàbí kó jẹ́ òdìkejì, nítorí náà ẹ béèrè èwo ni wọ́n ń tẹ̀ lé kí ẹ tó jáde. Bọ́ọ̀sì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ṣètò ni wọ́n sábà máa ń dúró dè bó bá pẹ́. Ẹni tó dá lọ, tó sì pẹ́, ni yóò wá bí òun ṣe máa bá ọkọ̀ ní èbúté tó kàn.

Ó wá ku ti àbúrò yín. Nọ́wè kò sí nínú Àjọṣepọ̀ Yúróòpù, àmọ́ ó wà nínú ètò Schengen, ìyẹn àdéhùn tó jẹ́ kí físà kan náà ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní físà Schengen bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ ló fẹ́ lò lórí ilẹ̀. Kó wo ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà dáadáa: bí ọkọ̀ bá yà ní èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, bíi Lerwick ní Shetland, kó tó tún padà sí Nọ́wè, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò ní tó o. Kó sì rí i dájú pé ìwé tó ní yóò jẹ́ kó lè padà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń gba ìwé físà láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Kó má dúró dé ìgbà yẹn.

Ìbéèrè: A fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta lọ sí Ålesund kan náà. Ilé àtijọ́ kò lè dùn mọ́ wọn. Kí ni kí á ṣe?
— Bàbá Tóbi, Manchester

Ìdáhùn: Ẹ kó wọn lọ sí Atlanterhavsparken, ilé ẹja ńlá tó wà ní Tueneset, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí ìwọ̀ oòrùn àárín ìlú. Etí òkun gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, ẹja inú òkun agbègbè yẹn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n tún ní pẹ́ńgúìnì, tí àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn láti wò nígbà tí wọ́n bá ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹ béèrè àkókò oúnjẹ náà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ láti àárín ìlú, ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọlé, ẹ wo àkókò tí èyí tó máa gbé yín padà ń bọ̀.