Ojú Tí Kò Gba Ìmọ́lẹ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níwájú mi lóṣù yìí. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, mo sì mọ bí ìyà yìí ṣe rí lára àwọn tó ń jẹ ẹ́, nítorí náà mo fi gbogbo ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún un.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi Nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí ojú mi kì í gba ìmọ́lẹ̀ mọ́. Bí a bá wà lórí ìlà láàárọ̀, tí oòrùn sì ń kọ mànà lórí páànù kíláàsì tó dojú kọ wá, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́yinjú. Tó bá ṣe díẹ̀, apá òsì orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, èébì á sì máa gbé mi. Mo ra gíláàsì dúdú, mo sì ń lò ó títí kan inú ilé. Kọ́tìnì wa kì í ṣí mọ́, ilé aládùúgbò sì ni àwọn ọmọ mi ti ń lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyá ọkọ mi ní ìgbéraga ni mo fi ń wo gíláàsì dúdú níwájú òun. Ṣé bí n óò ṣe máa bá a lọ nìyí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyáàfin olùkọ́. Ìrora yín kì í ṣe àṣejù. Orí tó ń lù ní apá kan, tí èébì sì ń tẹ̀ lé e, jọ ẹ̀fọ́rí túúlu gan-an ni, ṣùgbọ́n n kò lè ti inú lẹ́tà dá a lẹ́jọ́, nítorí ojú gbígbẹ, egbò ojú àti wíwú inú ẹyinjú náà máa ń mú kí ènìyàn sá fún ìmọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú, kí ó fi ẹ̀rọ wo inú ojú yín. Iṣẹ́ yẹn kọjá ti ẹni tó ń ta gíláàsì lọ́jà. Bí ojú bá pọ́n, tó ń dùn yín, tí ẹ kò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí bí ìmọ́lẹ̀ bá di ọ̀tá yín lójijì, tí ibà mú yín, tí ọrùn yín sì le gbagidi, ẹ má dúró di ọ̀la kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ lè sọ ọ́ fún àwọn ará ilé yín. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn afọ́jú kan tó ní túúlu ṣì ń jẹ̀rora bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n. Ìdí ni pé àwọn ohun tíntìntín kan wà lẹ́yìn ẹyinjú wa tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ríran, bí kò ṣe kí wọ́n máa sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ránṣẹ́ yìí pàdé ọ̀nà tí ìrora orí ń gbà nínú ọpọlọ. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé kí ẹ kàn fara dà á kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí yín.

Gíláàsì dúdú yẹn ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó sùn nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tó wá já sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan. Ojú tí a bá fi sínú òkùnkùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ á di ojú tí kò lè gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ mọ́, tí fìtílà pàápàá á máa ta á. Ẹ máa lo gíláàsì náà níta nínú oòrùn, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ UV400 sí, ìyẹn èyí tó ń dí ìtànṣán oòrùn tó lè ba ojú jẹ́, tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í ṣe ju awò dúdú lásán lọ. Nínú ilé, ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: ìṣẹ́jú 15 lónìí, kí ẹ fi díẹ̀ kún un tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa awò tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń pè ní FL-41. Kò ṣókùnkùn, àwọn olótùúlu púpọ̀ sì ti rí ìrọ̀rùn nípasẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iná tó wà ní ilé àti ní yàrá àwọn olùkọ́. Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ gílóòbù. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú dúdú tó ń rìn kọjá lójú fóònù, iná náà ń ṣẹ́jú bí ẹ kò tilẹ̀ rí i. Iná fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì gígùn àtijọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì lè mú kó burú sí i. Ẹ pààrọ̀ irú iná bẹ́ẹ̀ sí èyí tí kò ní ìlà nínú kámẹ́rà, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí bíi ti fìtílà ju bíi ti mànàmáná lọ. Ẹ gbé tábìlì yín kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, kí ó má dojú kọ yín. Ẹ bọ́ kọ́tìnì tó nípọn yẹn, kí ẹ ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè padà sí tábìlì wọn. Lórí ìlà láàárọ̀, ẹ bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ lè máa dúró lábẹ́ igi, kí ẹ sì dé àkẹtẹ̀ tó ní etí gbòòrò. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń lo oògùn orí fífọ́ tó ọjọ́ 15 nínú oṣù, ẹ sọ fún dókítà, torí oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà yín. Ẹ yọ gíláàsì náà, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì sọ pé: «Ẹ má bínú mà, àìsàn ni kò jẹ́ kí n lè wojú yín nínú oòrùn yìí.» Lẹ́yìn náà kí ẹ fi gíláàsì náà sójú padà. Ó sàn jù kí ọkọ yín ti bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, nítorí àgbà tó bá ti gbọ́ pé àìsàn ni kì í pè é ní ìwọ̀sí.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún méje mi jẹ́ àfín. Tíṣà rẹ̀ ní olóríkunkun ni, torí pé ó máa ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń kàwé, ó sì máa ń di ojú ní pápá. Ìyá àgbà ní iyọ̀ tí mo ń fún un jẹ ló fà á. Abẹ́òkúta ni a ń gbé.

Ìdáhùn: Ẹ máa fún ọmọ yín ní iyọ̀ bí ẹ ṣe ń fún àwọn ọmọ yòókù; kò sí ohun tó pa iyọ̀ pọ̀ mọ́ ojú àfín. Aró tó ń fún ara ní àwọ̀ dúdú ló kéré nínú ẹyinjú rẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, ó sì ń tàn káàkiri nínú ojú bí oòrùn tó ń wọ inú ilé tí kò ní kọ́tìnì. Ẹyinjú àfín sì máa ń jó síwá sẹ́yìn. Bó bá dorí kọ ẹ̀gbẹ́, ó ti rí ibi tí ojú rẹ̀ ti ń dúró jẹ́ẹ́ ni, kí ó lè ríran. Mo bẹ tíṣà náà, ẹ má ṣe tún orí ọmọ náà tò, ẹ má sì nà án. Ẹ fi í sí ìjókòó iwájú, kí ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kó sún mọ́ ìwé rẹ̀ bó bá ṣe fẹ́. Dókítà ojú lè fún un ní gíláàsì tó ń dúdú fúnra rẹ̀ nínú oòrùn, tí yóò tún ràn án lọ́wọ́ láti ríran. Fìlà eléteétí, aṣọ apá gígùn àti ìpara adènà oòrùn tí SPF rẹ̀ (òǹkà agbára rẹ̀ láti dènà oòrùn) tó 30 kò gbọdọ̀ wọ́n lára rẹ̀, pàápàá láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ṣẹ́ jórinjórin ní Ìlọrin. Lóru lẹ́yìn iṣẹ́, ojú mi máa ń dà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, n kò sì lè wo iná. Wọ́n ní kí n kán omi ọmú sí i. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Rárá o. Má kán omi ọmú, má kán omi ṣúgà, má kán ìtọ̀. Iná jíjó irin ti jó awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú rẹ, wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn iṣẹ́ ni ìrora náà sì sábà máa ń dé. Sá fún ìmọ́lẹ̀, má fọwọ́ ra ojú, fi aṣọ tútù lé e, kí o sì lo parasítámọ́ọ̀lù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń sàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí kò bá sàn, tàbí tí ojú bá ń pọ́n sí i, lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Gíláàsì dúdú lásán kò lè dáàbò bò ọ́ níbi iṣẹ́. Ìbojú jórinjórin gan-an ni kí o béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, bí ẹyọ kan ṣoṣo bá sì wà ní ṣọ́ọ̀bù, kọ ẹ̀yìn sí iná nígbà tí ọ̀gá bá ń jó irin.