Mo gbọ́ èdè Ṣáínà, àmọ́ n kò lè fi jiyàn

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti yege HSK, ìdánwò èdè Ṣáínà fún àjèjì, ní ìpele karùn-ún. Mo lè ná ọjà, mo lè bá onítakisí tàkúrọ̀sọ títí a ó fi dé ibi tí mò ń lọ, mo sì máa ń ka ìròyìn bí wọ́n bá fún mi láyè díẹ̀. Ní sáà yìí wọ́n gbé mi lọ sí kíláàsì àwọn tó ti jìnnà. Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn láwùjọ wọn la máa ń jíròrò níbẹ̀: owó orí ìyàwó, nèijuǎn (ìdíje àṣekúdórógbó tí kì í mérè wá), àwọn arúgbó tó ń dá gbé. Bó bá ti kàn mí, màá ní 我觉得这个问题很严重, pé lójú tèmi ọ̀rọ̀ yìí le gan-an, màá sì panu mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń sọ gbólóhùn kan náà. Ṣé kí n padà lọ há ọ̀rọ̀ tuntun sórí ni? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí àlejò máa dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé?
Akẹ́kọ̀ọ́ tó dákẹ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, gbólóhùn rẹ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí èmi náà lò ó títí ó fi gbó.

Má tíì lọ há nǹkan kan sórí. Ìlànà HSK tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ka ọ̀rọ̀ 11,092 títí dé ìpele kẹsàn-án. Bó o bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ tán kó o tó lanu, irun rẹ á funfun ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ tó o ní lọ́wọ́ ti tó jiyàn. Ohun tí o kò tíì mọ̀ ni ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìjà náà.

Jẹ́ ká mú owó orí ìyàwó. Cǎilǐ (彩礼) ni ìwé ìròyìn ń pè é, òun náà ni adájọ́ ń pè é. Pìnlǐ (聘礼) ti dàgbà jù ú lọ, ó ń rùn bí ìwé àtijọ́. Ẹni tó bá rí owó náà bí ọ̀wọ̀ fún ọmọbìnrin ló sábà máa ń fẹ́ ẹ. Bí ẹnì kan bá fi tiānjià (天价) ṣíwájú cǎilǐ, pé iye rẹ̀ kan sánmà, ó ti ń ráhùn nìyẹn. Ẹni tó bá sì ní mài nǚ'ér (卖女儿), ìyẹn títa ọmọ ẹni, ìjà ló wá. Owó kan náà ni gbogbo wọn ń sọ o. (Àmì orí ọ̀rọ̀ Ṣáínà tí mò ń kọ yìí, tiwọn ni, kì í ṣe tiwa. Má fi ohùn Yorùbá kà á: ǎ wọn ń lọ sílẹ̀ kó tó gòkè.)

Lẹ́yìn ìyẹn, wá ìdí tí wọ́n fi ń jà. Ìkànìyàn 2020 fi hàn pé ọkùnrin fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 ju obìnrin lọ ní Ṣáínà. Òfin wọn kò jẹ́ kéèyàn fi ìgbéyàwó bojú gba ohun ìní, síbẹ̀ kò fòfin de cǎilǐ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, ìdí sì nìyẹn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi gbé ìlànà jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2024, lórí ìgbà tó yẹ kí wọ́n dá owó náà padà. Ṣé tọkọtaya náà gbé pọ̀? Ó tó ìgbà wo? Ṣé ọmọ ti wà? Bó o bá ti mọ ìwọ̀nyí, ẹnu rẹ á yọ fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ẹnu tó bá yọ náà lè kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Nígbà tí mo wà ní Wǔhàn, ìyá onílé mi pè mí jẹun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ pé ọmọbìnrin tí wọn kò san cǎilǐ rẹ̀, ìdílé ọkọ á fojú di í. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka àpilẹ̀kọ mẹ́ta ní, 您错了! Ẹ ṣì í sọ. Gírámà pé, mo tiẹ̀ fi 您 bọ̀wọ̀ fún wọn. Gbogbo tábìlì pa lọ́lọ́. Wọ́n ń retí obì, ọfà ni mo yọ. Ìyá onílé rọra ti abọ́ ọbẹ̀ sọ́dọ̀ mi: jẹun, jẹun.

Ọmọ rẹ̀ ló kọ́ mi lọ́jọ́ kejì. Kọ́kọ́ ní 您说的也有道理 (ọ̀rọ̀ yín mọ́gbọ́n dání), kó o wá fi 不过 (àmọ́) tẹ̀ lé e, kó o tó sọ tìrẹ. Bí o kò bá gbà, 不见得, bújiàndé (kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀), kì í gún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá borí rẹ níbì kan, 那倒也是, ó rí bẹ́ẹ̀ náà ṣá. Gbólóhùn kékeré yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí àjèjì kì í sábà rántí láti gbà.

Ọ̀rọ̀ kan ni kó o gbé fún oṣù kan gbáko, má máa fò láti orí èyí bọ́ sórí èyí. Kíláàsì á fò. Ìwọ má fò. Ka ohun tí Rénmín Rìbào, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, kọ, kó o wá ka ohun tí àwọn èèyàn sọ nísàlẹ̀ fídíò lórí Douyin, TikTok tiwọn. Lẹ́yìn náà, gbè sẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tìrẹ fún ìṣẹ́jú méjì, fi fóònù gba ohùn rẹ, kó o sì ka iye 我觉得 (lójú tèmi) tó wà níbẹ̀. Tèmi àkọ́kọ́ jẹ́ mọ́kànlá. Ojú tì mí. Fi 在我看来 (bí mo ṣe rí i) tàbí 说实话 (kí n sọ òótọ́) rọ́pò díẹ̀ níbẹ̀, kó o pa ìyókù rẹ́.

Nèijuǎn ní tirẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 2020. Ẹni tó bá sọ ọ́ sí ọ, ó rẹ̀ ẹ́ ni, kò ní kó o wá túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ní ti pé o jẹ́ àlejò: béèrè kó o tó dájọ́. Cǎilǐ yàtọ̀ láti agbègbè sí agbègbè, nítorí náà 你们那儿呢, lọ́dọ̀ tiyín ńkọ́, á fún ọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó o kàn máa fi gbọ́ ni. Wọ́n á bi ọ́ ní tìrẹ náà, múra rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àwọn onílé gan-an kì í sọ nídìí oúnjẹ. Bó o bá gbọ́ 不说这个了, ká fi èyí sílẹ̀, má fà á padà. Bu tíì sí i fún wọn.