Èsì: Ṣé mo lè fi oúnjẹ ṣàfihàn àìsàn ìyá mi?

Àbúrò mi, o ní ìyá ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, o fẹ́ jókòó jẹun níwájú èèyàn ní Yaba láti fi ṣàfihàn ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé wọ́n á ní o ń fi oúnjẹ ṣòfò. Jọ̀ọ́ ṣe é. Felix Gonzalez-Torres, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Kúbà tó gbé ní Amẹ́ríkà, kó súìtì jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá ní 1991, páùn 175, ó fi dúró fún ara olólùfẹ́ ẹ̀ Ross tí éèdì pa, àwọn èèyàn á mú, wọ́n á jẹ, òkìtì yẹn á máa rù bí aláìsàn ṣe ń rù. Ṣé òfò nìyẹn? Jelili Atiku, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, náà ti ń fi ara ẹ̀ ṣe irú ẹ̀ láàárín títì Èkó tipẹ́.

Bàbá tèmi náà ní ìtọ̀ ṣúgà. Ní Mushin, kí wọ́n tó fọwọ́ kan àmàlà, wọ́n á kọ́kọ́ gún ọmọ ìka, ẹ̀jẹ̀ bíńtín, wọ́n á fi kan pépà pélébé yẹn, gbogbo wa á dákẹ́ máa wo ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ewédú á ti máa tutù. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni kóo ṣe, má kàn jẹ àjẹkì. Àmọ́ kọ́kọ́ bi ìyá ẹ o, ara wọn ni.