Ṣé dandan ni kí abo máńtíìsì jẹ orí akọ kí ẹyin rẹ̀ tó lè pa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Abo máńtíìsì kan (kòkòrò tó ń ká ọwọ́ iwájú bí ẹni tó ń gbàdúrà) àti akọ méjì ni mo ń sìn, mo sì fẹ́ kí wọ́n bímọ. Ẹnìkan tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí ní kí n fi ebi pa abo fún ọjọ́ márùn-ún kí n tó kó wọn pọ̀, torí tí kò bá jẹ orí akọ, àtọ̀ kò ní jáde. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì pa akọ kìíní jẹ kí ìyẹn tó gùn ún rárá. Ọjọ́ mélòó ni kí n fi ebi pa á kí n tó fún un ní èkejì? Ẹran tútù ni mo máa ń gé wẹ́wẹ́ fún wọn, wọn kì í sì í fẹ́ jẹ ẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ má fi ebi pa á, ọjọ́ kan ṣoṣo pàápàá. Ìmọ̀ràn yẹn ló pa akọ yín. Ó máa ń bí mi nínú gan-an, torí lẹ́tà bíi tiyín kì í tán lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìtàn náà ti wá. Ní 1935, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kenneth Roeder fi hàn pé iṣan inú orí máńtíìsì ló ń dá ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ kó má gùn, pé akọ tí a bá gé lórí ṣì lè gun abo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pé ó ṣeé ṣe láìsí orí kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé ṣe bí orí bá wà. Akọ tí orí rẹ̀ pé pérépéré máa ń gun abo, á fi àtọ̀ sí i lára, á sì bọ́ sílẹ̀ lọ. Ní 1987, Liske àti Davis bọ́ máńtíìsì ilẹ̀ Ṣáínà yó, wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ wọn láìyọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì rí wọn tí wọ́n ń ṣe ìfẹ́ sí ara wọn, tí wọ́n gùn láìpa ara wọn jẹ.

N kò sọ pé ewu kò sí o. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní pápá ní Portugal, tó jáde ní 1992, nǹkan bí ìgbà 31 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ṣọ́ wọn ni abo ti pa akọ jẹ. Abo tí ebi ń pa ló sì máa ń ṣe é jù. Lójú rẹ̀, ohunkóhun tó bá ń mira nítòsí, oúnjẹ ni.

Nítorí náà, ẹ bọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn tó bá ti bọ́ awọ ìkẹyìn, tí ìyẹ́ rẹ̀ ti jáde, ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Irú máńtíìsì yàtọ̀ síra, n kò sì rí tiyín, ẹ ṣe ìwádìí irú tó jẹ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ fún un ní kòkòrò ńlá kan. Bó bá ti ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ẹ gbé akọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó jìnnà díẹ̀, níbi tó fẹ̀. Ẹ má tì í sún mọ́ ọn. Bó bá gùn ún, ó lè wà lórí rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹ ṣọ́ ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, torí ìgbà yẹn léwu, kí ẹ sì yára gbé e kúrò.

Ní ti ẹran: ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ohun tó bá ń rìn ni máńtíìsì ń rí bí oúnjẹ. Ẹran gígé á kàn máa rà sínú àpótí ni. Eṣinṣin, ìrẹ̀ tàbí aáyán tí ẹni tó ń sìn wọ́n tà fún yín ló dára, kó má gùn ju máńtíìsì fúnra rẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ mú níta lè ti jẹ oògùn apakòkòrò. Ẹ máa wọ́n omi wínníwínní sí ara àpótí kí wọ́n lè mu ún. Bí ọ̀kan bá kọ oúnjẹ, ó ṣeé ṣe kó fẹ́ bọ́ awọ. Ẹ yọ ìrẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kíá, torí ìrẹ̀ máa ń gé e jẹ nígbà tí kò lè gbèjà ara rẹ̀. Àpótí náà sì gbọ́dọ̀ ga tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀, torí ńṣe ló ń so rọ̀ sórí òrùlé bọ́ awọ.

Abo tí akọ kò gùn náà máa ń yé, nítorí náà àpò ẹyin kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí. Bó bá pa, ọmọ lè jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè lé ní ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ tó rí wọn ni kí ẹ ti máa sin kantíkantí orí èso sílẹ̀, torí ìrẹ̀ ti tóbi jù fún ẹnu wọn. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà, ẹ máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń jẹ ara wọn. Bí wọ́n bá pọ̀ jù fún yín, ẹ fún ẹlòmíràn tó ń sìn wọ́n, ẹ má tú irú tó ti ilẹ̀ mìíràn wá sínú igbó. Òfin ibòmíràn tilẹ̀ kọ ọ́ láti sìn wọ́n rárá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè níbi tí ẹ wà.