Bàbá Atẹ̀wé Dá Yín Lóhùn: Ṣé Ìwà Mi Kò Tó?

*Bàbá Atẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, ní Mọ̀lété, Ìbàdàn níbí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni pásítọ̀ wa ti ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú ọkàn méjì wá lóṣù. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n sì ń ka orúkọ ẹni tí kò bá mú èèyàn wá sétí ìjọ. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ìtìjú fẹ́ pa mí, mo kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì lọ, wọ́n sì kọ wọ́n sílẹ̀ bí ọkàn tuntun. Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni àwọn ọmọ yìí ti ń lọ sí ìjọ tiwọn. Ẹni tó sún mọ́ mi jù ní ṣọ́ọ̀bù ni Ìyá Ràṣídà tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Mùsùlùmí ni. Òun ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí mo bí ọmọ mi kejì, torí ọkọ mi kò sí nílé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pé kó wá gba Jésù? Èrò tèmi ni pé bí mo bá ń hùwà dáadáa, òun náà á rí i. Ṣé dandan ni kí n sọ̀rọ̀? Èmi, Aránṣọ Mọ̀lété.*

Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ. Kì í ṣe ìwọ nìkan. Mo mọ ọkùnrin kan tó mú àna rẹ̀ kan ṣoṣo lọ gba ìgbàlà ní ìjọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lọ bá pásítọ̀ rẹ ní kọ̀rọ̀, sọ òótọ́ fún un, kó yọ orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ kúrò. Irọ́ kọ́ ló yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí. Ti ìwé orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, ojú mi kò gbà á. Nínú Mátíù 28, Jésù ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n sọni di ọmọ ẹ̀yìn, kí wọ́n ṣe ìrìbọmi, kí wọ́n kọ́ni. N kò rí ibi tó ti dá iye lé wọn lóṣooṣù.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ gan-an: ṣé ìwà kò tó?

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá kí ojú mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà òjé là ń tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú wọn yí padà, bí ẹni ń ka ìwé nínú dígí. Ìwé àṣàrò kúkurú pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Mo to “Ẹ wá sọ́dọ̀ mi, gbogbo ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́” títí mo fi lè to ó nínú òkùnkùn, kò sì wọ̀ mí lára rárá. Owó iṣẹ́ ni mò ń wò. Wọ́n á wá kó wọn lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá bá iṣẹ́ ọwọ́ mi pàdé lọ́wọ́ ìyá alákàrà, tí òróró ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ já.

Ọkùnrin kan wà láàárín wa nígbà náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹmu ló ń jẹ owó oṣù rẹ̀. Lọ́dún 1981, ó yá ₦40 lọ́wọ́ mi pé ara ọmọ òun kò yá. Kò sí ọmọ kankan tó ń ṣàìsàn. Mo ti gbà pé owó náà ti wọ ilẹ̀. Àfi ní 1983, láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo wà nídìí ẹ̀rọ, tàdáwà ti kun ọwọ́ mi dé ìgùnpá, ni ọkùnrin yìí bá wọlé. Ó gbé owó lé orí pátákó, náírà márùn-ún-márùn-ún, mẹ́jọ, ó fi rọ́bà dè é. Ó ní, “Owó yín rèé. Mo purọ́ fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti jẹ púùlù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ìgbà náà. Ta ni kì í ta púùlù ní Mọ́kọ́lá nígbà náà? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni òun ti ń lọ sí ìpàdé àdúrà kan, pé Jésù ló gba òun lọ́wọ́ ẹmu, pé òun ń yíká ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí òun jẹ ní gbèsè, èmi ni ẹni kẹfà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kí n tẹ̀lé òun, kò fún mi níwèé kankan (níbo ni ì bá tilẹ̀ ti rí èyí tí n kò tíì kà?). Ó lọ wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ká ní kò sọ ìdí rẹ̀ ńkọ́? Màá jókòó síbẹ̀, màá máa sọ fún gbogbo ilé iṣẹ́ pé lágbájá ti jẹ púùlù. Ìwà rẹ̀ ti yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwà kì í dárúkọ ẹni tó yí i. Bí o bá ń hùwà rere sí Ìyá Ràṣídà tí o kò sọ̀rọ̀, ohun tó máa sọ ni pé, “Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mi mà níwà o.” Ìwọ ni ọpẹ́ náà máa já sí lọ́wọ́. Ẹnu tí kò ní ìwà lẹ́yìn sì ńkọ́? Mo ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀. Àkàrà la fi dì.

Kì í kúkú ṣe ọjọ́ náà ni mo gbàgbọ́. Ó tó ọdún kan àbọ̀. Ṣé o rántí Àjàyí Crowther? 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, 1846 ni òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Oníwàásù lọmọ, síbẹ̀ ó di 1848 kí ìyá tó ṣe ìrìbọmi. Bó bá jẹ́ ìjọ yín ni, wọn ì bá ti ka orúkọ Crowther sétí ìjọ títí ó fi sú u.

Ìdí tí a fi ní láti sọ̀rọ̀, ìtàn àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́rin inú 2 Ọba 7 ló là mí lójú sí i. Ìyàn mú ní Samáríà débi pé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan di 80 owó fàdákà. Àwọn mẹ́rin yìí wọ ibùdó àwọn ará Síríà tó dó ti ìlú náà, wọ́n bá oúnjẹ nílẹ̀ láìsí ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n kó fàdákà, wọ́n lọ bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wí fún ara wọn pé ohun tí àwọn ń ṣe kò dára, pé ọjọ́ ìròyìn ayọ̀ lòní, àwọn sì dákẹ́. Èyí tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti yó kí wọ́n tó rántí aráàlú. Ó jọ wá. Ìlú tó sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé ẹnu ibodè náà ni wọ́n padà lọ jí lóru.

Kúdẹtì kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, ìtàn ibẹ̀ náà bá ọ̀rọ̀ wa mu. 1851 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, rán, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ní 1853, òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá ń gbé ibẹ̀. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sọ́dọ̀ wọn láti kàwé. Nígbà tí ogun Ìjàyè dé ní 1860, ọ̀nà dí, oúnjẹ wọ́n, Anna ń ta ẹrù ilé kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè jẹun. Wọn kò sá lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ láti ọdún méje sẹ́yìn, mo rò pé ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn tó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n fi ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ràṣídà kò le tó bí o ṣe ń wò ó. Ọkùnrin tí Jésù lé ẹ̀mí èṣù jáde lára rẹ̀ nínú Máàkù 5 fẹ́ bá a lọ, Jésù kọ̀, ó ní kó lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀, kó sọ ohun tí Olúwa ṣe fún un. Ohun tí ìwọ náà máa ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọjà bá rọ̀, jókòó tì í, kí o sọ bí ọkàn rẹ ṣe rí nínú ọkọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ohun tí ò ń bá Jésù sọ nígbà tí ìrọbí mú, àti bó ṣe dá ọ lóhùn. Ìyá Ràṣídà fúnra rẹ̀ ló jókòó tì ọ́, kò sí ẹni tó lè bá ọ jẹ́ ẹ̀rí náà tó o. Kí o sì bi í léèrè ohun tí òun náà ń gbàdúrà fún lóru yẹn, kí o gbọ́ ọ tán. Pétérù ní kí a fi ìwà tútù dáhùn. Bó bá ní ẹ̀sìn òun tó òun, ó ti gbọ́ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o ṣì máa ra bọ́tìnnì.

*Bàbá, ẹgbẹ́ ajíhìnrere wa ní Àpáta máa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn wàásù ní agogo márùn-ún ìdájí. Onílé tí a ń dúró síwájú ilé rẹ̀ ní òun máa pe ọlọ́pàá, pé ìyá òun tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ kì í rí oorun sùn. Ṣé inúnibíni kọ́ nìyí? Arákùnrin, Àpáta.*

Inúnibíni kọ́, oorun ni. Èmi náà ti gbé ẹ̀rọ yẹn rí, ní Òkè-Àdó, ní 1986. Ìyá arúgbó kan ṣí fèrèsé, ó ní, “Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Láti àná ni mo ti gbọ́.” Mi ò dáhùn, mò ń bá ìwàásù mi lọ. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ lọ ka Òwe 27:14, ẹni tó bá fi ohùn rara súre fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù, ègún la máa kà á sí fún un. Ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn onílé yẹn nírọ̀lẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ gbàdúrà fún màmá, ẹ rọra gbà á, rọpárọsẹ̀ ló ní, kò dití.